Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kò dọ́gba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Uppsala ni à ń gbé ní Swídìn. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9, ó sì ti ń kọ́ fáólìn fún ọdún méjì ní ilé ẹ̀kọ́ orin ti ìjọba ìbílẹ̀. Ó mọ nóòtì kà dáadáa. Ní ọjọ́ Midsommar èṣí, ìyẹn àjọ̀dún àárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbí, ó rí àwọn àgbàlagbà kan tí wọ́n ń ta fáólìn níwájú èrò títí dé ìdí òpó olódòdó. Láti ọjọ́ náà, irú orin yẹn nìkan ló fẹ́. A bá a wá obìnrin kan tó ń kọ́ni. Obìnrin yìí kì í fún un níwèé rárá, orí fóònù ló máa ń gba orin sí fún un. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ náà ò mọ ìlù kà mọ́, pé ó ń já ẹsẹ̀ kìíní jẹ, ó sì ti ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ fún un kó lè máa tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tún wá sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ iwin odò ni wọ́n ti kọ́ orin náà. Ṣé kí n jẹ́ kó máa bá a lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ bá mi bẹ bàbá ọmọ kó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ yẹn pa mọ́ fúngbà díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tó ń pè ní àṣìṣe yẹn gan-an ni tíṣà ń sanwó epo mọ́tò wá fi kọ́ ọmọ.

Polska ni ijó tó gbilẹ̀ jù nínú orin fáólìn ìbílẹ̀ Swídìn. Póláńdì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ó sì ti pé bí 400 ọdún tó ti wọlé, àwọn ará Swídìn ti jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ìyẹn ìró ìlù mẹ́ta tí à ń kà léraléra: kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Nínú ìwé, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó bí eyín àgbàdo, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Ní ojú agbo, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Dalarna, lápá ibi tí ìlú Malung wà, àti ní Värmland, agbègbè méjì ní Swídìn níbí, ẹsẹ̀ kìíní máa ń kúrú, èkejì á sì tètè dé, bíi ti ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Ẹ sọdá sí Nọ́wè: springar ni wọ́n ń pe ìbátan ijó yìí níbẹ̀. Ní Valdres, ẹsẹ̀ kìíní ló kúrú jù, èkejì ló gùn jù, ẹ̀kẹta wà láàárín. Ní Telemark, kìíní ló gùn jù, ẹ̀kẹta ló wá kúrú jù. Ijó kan náà ni o. Oníkálukú ló ní ahọ́n ìlú rẹ̀, bí Ìjẹ̀bú ṣe ń sọ Yorùbá tirẹ̀ tí Èkìtì náà ń sọ tirẹ̀, tí kò sì sẹ́ni tó máa fi rúlà wọn èwo ló tọ́.

Uppland tẹ́ ẹ wà yẹn, polska ibẹ̀ sábà máa ń dọ́gba ju ti Dalarna lọ. Nítorí náà ẹ bi tíṣà léèrè ìlú tí orin tó ń kọ́ ọmọ ti wá. Bó bá ní Malung, kí bàbá ọmọ fọkàn balẹ̀. Ọ̀nà míì tún wà tó lè fi yẹ ọmọ wò láìlo ẹ̀rọ: kó wo ẹsẹ̀ tíṣà nígbà tó bá ń ta á, kó má wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta polska máa ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ní ìgbà kìíní àti ìgbà kẹta, á fo èkejì. Bí ẹsẹ̀ ọmọ yín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó sì ń ṣe é bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ orin dópin, ìlù wà lára rẹ̀. Ọmọ tó bá ti já ìlù, kíkúrú ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yí padà: tònìí ọ̀tọ̀, tọ̀la ọ̀tọ̀.

Ó yé mi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dun bàbá rẹ̀, torí nóòtì lèmi náà gbé dé ibí. Mo ti ń ta fáólìn nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì l'Ékòó láti kékeré, ìlù mi sì gún régé bí aago ògiri. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé Dalarna, mo lọ bá bàbá àgbà kan tó jẹ́ spelman, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pe olórin ìbílẹ̀ níbẹ̀. Mo ta polska kan tí mo ti kọ́ nínú ìwé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, kò ní ó dáa, kò ní kò dáa. Ó ní kí n gbé fáólìn sórí tábìlì. Ó dì mí mú lápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu kọ orin náà, a bá ń jó yí tábìlì ìdáná ká, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ àwa méjèèjì. Ìgbà tá a yípo ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó yé mi. Orúnkún rẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀, ara á rẹlẹ̀, á tún gòkè, orí ìrẹlẹ̀-gòkè yẹn sì ni gbogbo ìyípo náà jókòó lé. Kò sí bí èèyàn méjì ṣe máa yípo bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́ta á fi gùn dọ́gba. Ìkan ní láti fún èkejì láyè kí ara tó gòkè. Àyè yẹn ni ìwé ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ. Nígbà tí mo tún gbé fáólìn, mi ò tíì ta á débì kan tó fi ní, "Ó ti ń bọ̀."

Torí ẹ̀, bí mo bá jẹ́ yín, kí n tó ra ìwé orin kankan, màá wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó náà, èmi àtọmọ á jọ lọ. Uppsala ò ṣàìní irú ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wọ bàtà tí kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta nínú agbo ijó á ṣe ohun tí ẹ̀rọ kọ́-kọ́-kọ́ ò lè fi ọdún mẹ́ta ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ ìwé tó kù yẹn, kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Ta ló kọ nóòtì fún ọmọ Àyàn? Ó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ ròde, ó ń fi ẹnu pe ohun tí ìlù ń sọ kọ́wọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lù. Àwọn tó ń ta gòjé nínú sákárà nílé wa, etí ni wọ́n fi gbà á. Àwọn ará Swídìn náà ní fífi ẹnu pè tiwọn, trall ni wọ́n ń pè é. Níbi tí kò bá ti sí fáólìn, ẹnì kan á fẹnu kọ orin ijó láìní ọ̀rọ̀ nínú, àwọn tó kù á sì jó o. Ohun tí bàbá àgbà yẹn ń ṣe nídìí tábìlì nìyẹn.

Bí mo ṣe ń ṣe é fọ́mọdé rèé. Màá ta orin náà látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. A ó jọ máa fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó jọ fẹnu kọ ọ́, bó ti wù kó rí. Ìgbà yẹn ni màá tó gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan ò ní gùn ju èémí kan lọ. Mo ta, ó ta. Mo ta, ó ta. Bó bá ṣìnà, mi ò ní dá a dúró, mi ò sì ní sọ fún un pé ìka kẹta ló kù. Màá kàn tún ègé náà ta, títí etí rẹ̀ á fi bá ọwọ́ rẹ̀ wí fúnra ẹ̀. Apá méjì ni polska sábà máa ń ní, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni à ń ta apá kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi gba apá kìíní, ó tó bẹ́ẹ̀. Nílé, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ dáa ju wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé lọ. Fóònù lè fa orin lọ́ra fún un, ṣùgbọ́n kó má fà á jù. Bó bá ti lọ́ra dé ìdajì, ijó ti jáde nínú ẹ̀, ó ku nóòtì tó ń tò lẹ́yìn ara wọn bí èrò bánkì.

Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ máa tan orin náà sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń dáná. Kó má jẹ́ pé ìgbà tó bá gbé fáólìn nìkan lá máa gbọ́ ọ. Kẹ́ ẹ sì ní kó fẹnu kọ́ yín. Ọmọ tó ń kọ́ ìyá rẹ̀ lórin ò ní fẹ́ ṣì í.

Ẹ má bẹ̀rù pé á gbàgbé nóòtì. Bó bá ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ orin, nóòtì ò lọ síbì kankan, bí Swedish tó ń sọ níléèwé ò ṣe ní sá lọ torí pé ẹ ń bá a sọ Yorùbá nílé. (Èyí tó wà nínú ewu láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀yin àti èmi la mọ̀ ọ́n.) Àwọn olórin ìbílẹ̀ gan-an ò kórìíra ìwé. Ní 1908 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti kó orin ilẹ̀ náà jọ. Amòfin kan tó ń jẹ́ Nils Andersson ló ṣe atọ́nà rẹ̀. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, àwọn àgbà ń ta, òun ń kọ. Ìwé tó tibẹ̀ jáde, Svenska låtar, di ìdìpọ̀ 24, orin inú rẹ̀ sì tó bí 8,000. 1922 ni ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Andersson ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Nígbà tí ọmọ yín bá ti ní orin mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún létí, ẹ jẹ́ kó ṣí i. Á wo egungun tó wà lórí ìwé, á sì mọ ibi tí ẹran ń gbé.

Bó bá ṣí i, á rí i pé "polska efter" ẹnì kan ni wọ́n máa ń kọ sórí orin. Efter, "lẹ́yìn" ni. Kì í ṣe pé onítọ̀hún ló dá orin náà sílẹ̀ dandan. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á ni. Pekkos Per, spelman kan láti abúlé Bingsjö ní Dalarna, kú ní 1877. Hjort Anders Olsson, tí wọ́n bí ní 1865 ní abúlé kan náà, ọmọdé ni lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ó ti gba orin lọ́wọ́ àgbà yẹn, ó sì ń ta á títí ó fi kú ní 1952. Ní ìlú àwọn spelman, kó o tó ta orin tán ni wọ́n á ti bi ọ́ pé, "Ọwọ́ ta lo ti gbà á?" Kí ọmọ yín ní ìwé kékeré kan tó ń kọ èyí sí: orin, ìlú, ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó kọ́ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ wọn ní oríkì á mọ ìdí ẹ̀.

Ní ti iwin odò: ìtàn náà wà, ẹni tó sọ fún yín kò purọ́. Näcken ni wọ́n ń pè é ní Swídìn, Fossegrim ní Nọ́wè. Inú odò tàbí ìdí omi tó ń já láti orí àpáta ló ń gbé, ó mọ fáólìn ta ju ẹ̀dá èèyàn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ á gbé ẹran lọ fún un lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Fossegrim á fa ọwọ́ onítọ̀hún gba orí okùn títí ìka á fi ṣẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó ti di ọ̀gá. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyí: bí ẹran ò bá pọ̀ lára egungun tó gbé wá, bí wọ́n ṣe ń fún okùn le láti tún ohùn fáólìn ṣe nìkan ló máa kọ́ ọ, kò ní kọ́ ọ ní orin kankan. Mo ti rí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ o, tó ń fi gbogbo àkókò tún okùn ṣe.

Ìtàn ni, wọ́n sì ń pa á bí ìtàn. Àwọn tí mo mọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ìyá wọn tàbí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀rù tó ń ba ará ṣọ́ọ̀ṣì yín kì í ṣe tuntun: láàárín 1800 sí 1900, àwọn oníwàásù ìsọjí ní Swídìn àti Nọ́wè bá fáólìn jà gan-an, torí ibi tó bá wà ni ọtí àti ijó wà, àwọn kan sì ti ọwọ́ ara wọn sun fáólìn wọn níná. Lónìí, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni àwọn spelman ti ń ta orin ìyàwó nígbà tí wọ́n bá ń mú ìyàwó wọlé. Bí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ ní kí tíṣà fi irú orin ìyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ, tàbí gånglåt, orin ìrìn, tí ìlù rẹ̀ rọrùn ju ti polska lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gånglåt ló gbọ́ ní Midsommar, torí ẹni tó ń rìn lójú títì kì í ta polska.

Ẹ ò béèrè nípa fáólìn fúnra rẹ̀, àmọ́ màá sọ ọ́. Ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ra ọ̀kan fún ọmọ àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan, ó pupa dẹ́ńdẹ́ sínú àpótí, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ìṣó tí wọ́n fi ń fún okùn le kò dúró lójú kan rárá; bó bá ti tún un ṣe tán, tó ta ìlà méjì, okùn ti dẹ̀. Ọmọ náà rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n ta. Ẹ yá a lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tàbí lọ́dọ̀ ẹni tó ń kan fáólìn, torí ọmọ ọdún 9 ṣì máa dàgbà, ìwọ̀n tirẹ̀ á yí padà bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó tó gbé ti àgbà. Nígbà òtútù, tí hítà bá ti ń ṣiṣẹ́ nílé, afẹ́fẹ́ á gbẹ bíi ti ọyẹ́, igi fáólìn á sì máa ṣí lójú àtè. Kó má wà nítòsí hítà láé.

Tíṣà méjì tó ní yìí lè máa ja ara wọn níyàn lórí ọmọ yín láìmọ̀. Tìwé á ní kó fi ọwọ́ kan okùn kan ṣoṣo kó mọ́ tónítóní. Tìbílẹ̀ á ní kó jẹ́ kí okùn kejì máa kùn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló tọ́. Nígbà míì, tìbílẹ̀ á tún okùn méjì tó nípọn jù ṣe sókè kí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè di A, E, A, E, gbogbo àpótí fáólìn á sì máa hó bí ilé oyin. Kí ọmọ má dá ìyẹn ṣe nílé, okùn lè já lu ojú. Bí ọwọ́ ṣe ń di igi onírun ẹṣin tí wọ́n fi ń fà á mú àti bí fáólìn ṣe ń jókòó léjìká, mo fara mọ́ kó tẹ̀ lé tíṣà àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ayé àtijọ́ míì máa ń gbé e sí àyà, ó yẹ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ọdún 9 tó ń dàgbà.

Ohun kan wà tó máa mú yín rẹ́rìn-ín. Nínú orin àwọn àgbà, àwọn ohùn kan wà tó bọ́ sáàárín méjì, kò ga, kò rẹlẹ̀, kò sí lórí dùùrù. Bí ọmọ bá ti gbọ́ èyí, ní gbogbo ìgbà tó bá ṣi ìka gbé, á ní ohùn ìbílẹ̀ ni. Ẹ ní kó tún un ta lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá bọ́ síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ gbà fún un.

Láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún nyckelharpa, torí ìpínlẹ̀ yín gan-an nilé rẹ̀. Ó jọ fáólìn tí wọ́n fi bọ́tìnnì igi sí lọ́rùn, tòde òní sì ní okùn 16, 12 nínú wọn wà fún kíkùn lásán. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi orúkọ Eric Sahlström pè wà ní Tobo, kò jìnnà sí yín. Ẹ mú un lọ wò ó, kẹ́ ẹ sì mú un padà sídìí fáólìn rẹ̀. Kó tó ọdún mẹ́ta sí i.

Ohun tó kù ni àwùjọ. Ẹ wá spelmanslag tó gba ọmọdé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olórin àdúgbò. Kó jókòó lẹ́yìn, kó máa ta ìwọ̀nba tó mọ̀. Ní Kaustinen ní Finland, ọ̀gbẹ́ni Mauno Järvelä ti fi irú ọ̀nà yìí kọ́ ọmọdé fún ọ̀pọ̀ ọdún, Näppärit ni wọ́n ń pè é: ẹni tó mọ okùn kan ṣoṣo ta àti ẹni tó ti di ọ̀gá ń ta orin kan náà pa pọ̀, kálukú ní apá tó tó o gbé. Ọ̀rọ̀ àmì-ẹ̀yẹ Zorn, tí olórin ń ta fáólìn níwájú àwọn onídàájọ́ kó tó lè jẹ oyè riksspelman, ìyẹn spelman gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè.

Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Keje, ẹ gbé e lọ sí Bingsjö. Láti 1969 ni àwọn spelman ti ń pàdé níbẹ̀. Orí pèpéle kọ́ ni ẹ máa wò o. Ẹ rìn lọ sẹ́yìn ilé, sídìí igi, ibi tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ti ń ta fúnra wọn. Buskspel ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé orin inú igbó. Ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ṣú ní Dalarna nígbà yẹn, wọ́n á sì ta á di òwúrọ̀. Kó kọ́kọ́ dúró gbọ́. Bó bá dá orin kan mọ̀, kó súnmọ́ wọn, kó ta á jẹ́ẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá yíjú sí i pé kó dá orin tirẹ̀, kó sọ ọwọ́ ẹni tó ti gbà á, kó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn o, ẹ̀fọn ibẹ̀ kì í ṣeré.